Ọmọ ìyàwó yín tó ti lé ní ọdún 21: ọ̀nà ṣì wà
Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé ọmọ tí ìyàwó bí kó tó fẹ́ yín, tó bá ti lé ní ọdún 21, kò ṣeé mú wá sí Amẹ́ríkà mọ́. Irọ́ ni. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni òfin ń wò. Bí ẹ bá ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù Ìkòyí ní oṣù kẹfà, tí ọmọ pé 18 ní oṣù kẹjọ, ọmọ yín ni, kódà bó ti di ẹni 30 ọdún lónìí. Tí ẹ bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹ lè kọ fọ́ọ̀mù I-130, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ láti mú ẹbí wá sí Amẹ́ríkà, fún un. Ó máa pẹ́ o, ọ̀pọ̀ ọdún ni. Bó bá ti pé 18 kí ẹ tó fẹ́ ìyá rẹ̀, ìyá náà ló lè kọ fọ́ọ̀mù náà fún un, lẹ́yìn tó bá gba green card (ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà títí), bí ọmọ kò bá tíì gbéyàwó. Àwọn tó ń gbowó pé àwọn á bá yín gbà á ṣọmọ ńkọ́? Ọmọ tí kò tíì pé 16 ni òfin sábà ń gba ìyẹn fún.