Kì í ṣe àárò ilé ló ń pa coquí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Puerto Rico, erékùṣù tó wà lábẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, gbà pé coquí, àkèré kékeré tó ń ké "ko-kí" láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, kì í gbé ibòmíràn: bí wọ́n bá mú un kúrò ní erékùṣù náà, á yadi, á sì kú. Irọ́ gbáà ni. Inú òdòdó tí wọ́n gbìn sínú ìkòkò ló bá dé Hawaii ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, ó sì gbilẹ̀ débi pé omi citric acid, èròjà kíkan inú ọsàn wẹ́wẹ́ (ìdá 16 nínú 100), ni wọ́n ń fọ́n pa á. Wọ́n tún ń da omi gbígbóná 45°C sára ewéko fún ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó kó o rìnrìn àjò, nítorí ẹyin.

Kò nílò odò. Inú ewé gbígbẹ tó ká ni abo ń yé sí, akọ ló ń sàba lé ẹyin kó má bàa gbẹ, àkèré pípé ló sì ń jáde. Kò sí ọmọ onírù tó ń wẹ̀ nínú omi. (Akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni "ko" wà fún, abo ni ó ń fi "kí" pè.)

Irọ́ yìí ń sọ̀rọ̀ coquí bí ẹni pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni. Ibi tó ti ń ṣe jàǹbá ni pé ẹni tó bá ń gbọ́ "ko-kí" lójú fèrèsé rẹ̀ á rò pé gbogbo coquí ló ń bẹ ní àlàáfíà. Coquí pọ̀ ju ẹ̀yà kan lọ. Coquí llanero, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàpèjúwe ní 2007, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 15 lọ, àbàtà Sabana Seca ní Toa Baja nìkan ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ohùn rẹ̀ ga tó kilohertz (kHz, ìwọ̀n bí ohùn ṣe tín-ín-rín tó) 7 sí 8, nígbà tí "kí" ti coquí tó wọ́pọ̀ wà ní nǹkan bíi 2; àgbà tí etí rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ lè má gbọ́ ọ rárá, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ lè pè é ní kòkòrò.

Ewéko àbàtà tó ń jẹ́ Sagittaria lancifolia ni ó ń yé ẹyin sí, ẹyin náà kì í sì ju 5 lọ. Bí wọ́n bá la gọ́tà fa omi àbàtà náà gbẹ, tàbí kí omi ìdọ̀tí ààtàn tó wà nítòsí ṣàn wọ̀ ọ́, ewéko náà á kú kí àkèré tó kú. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ya nǹkan bí eékà 615 sọ́tọ̀ fún un ní 2012. Kíkó o lọ sí adágún omi mìíràn tí ewéko yìí kò sí kò lè ràn án lọ́wọ́.