Ṣé Ó Tọ́ Kí Tigers Fi Verlander Ṣe Pàṣípààrọ̀?

Aráa Seattle: Mo tún rí àwọn tó ń yin Detroit Tigers, ẹgbẹ́ baseball Amẹ́ríkà, pé ọgbọ́n ni wọ́n dá bí wọ́n ṣe fi ajubọ́ọ̀lù wọn, Justin Verlander, ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Houston Astros ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 2017, tí wọ́n sì gba ọ̀dọ́ mẹ́ta dípò rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ajubọ́ọ̀lù tó ti wà nínú ẹgbẹ́ kan láti 2005, tó gba àmì-ẹ̀yẹ Cy Young, ti ajubọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, àti ti agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ nínú líìgì wọn ní ọdún kan náà, 2011, kì í ṣe ẹni tí a ń tì jáde nígbà tí nǹkan bá le. Ajubọ́ọ̀lù wa Félix Hernández, tí gbogbo wa ń pè ní Ọba, bá wa jìyà ní Seattle títí di 2019, ẹgbẹ́ wa Mariners kò sì fi í ṣòwò.

Ọmọ Detroit: Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ tí ẹ ní sí Félix, ṣùgbọ́n ẹ wo èrè tí ìfẹ́ náà mú wá fún un: sáà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi sìn yín, kò sì ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo nínú ìdíje ìparí sáà rí. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdíje 64 la borí ní 2017, a sì pàdánù 98. Kí ni ẹnì kan tó jẹ́ pé ọjọ́ kan nínú márùn-ún ló ń ju bọ́ọ̀lù fẹ́ ṣe sí irú ìyẹn? Mike Ilitch, olówó ẹgbẹ́ wa tó ń fi tọkàntọkàn náwó sórí rẹ̀, ti kú ní oṣù kejì, J.D. Martinez ti lọ sí Arizona ní oṣù keje, ọjọ́ tí Verlander lọ gan-an ni Justin Upton náà gba ọ̀dọ̀ Angels lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́wàá nínú líìgì àgbà, tí márùn-ún tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan náà, lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Verlander gbà láti lọ ni.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ó gbà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí ó pẹ́ jù. Ẹni tí kò bá tíì wọ ẹgbẹ́ tuntun rẹ̀ kí aago méjìlá òru ọjọ́ yẹn tó lù kò ní lè bá wọn kópa nínú ìdíje ìparí sáà, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ló sì ṣẹ́kù nígbà tí ọ̀rọ̀ náà parí. Ìdíje márùn-ún ló bá wa jù ní oṣù kẹsàn-án, ó sì borí márààrún. Ní ìdíje kejì pẹ̀lú ẹgbẹ́ Yankees ní oṣù kẹwàá, òun nìkan ló ju bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bọ́ọ̀lù 124, afigigbá 13 ló dá padà láìrí i gbá, a sì borí pẹ̀lú àmì 2 sí 1. Ọkùnrin ẹni ọdún 34 tí àwọn kan ti ń sọ pé ó ti ń lọ sílẹ̀ nìyẹn o!

Aráa Seattle: Àǹfààní Houston lẹ ń sọ, ìyá wa, ìbéèrè mi sì dá lórí Detroit. Wọ́n ta ọkùnrin náà tán, wọ́n tún ń san mílíọ̀nù 8 dọ́là lọ́dọọdún nínú owó rẹ̀ fún 2018 àti 2019. Ní 2019 yẹn, ìdíje 114 ni wọ́n pàdánù, nígbà tí Verlander ń gba Cy Young kejì ní Houston. Franklin Pérez, tó níyì jù nínú àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta náà, ṣe èṣe títí, kò sì ju bọ́ọ̀lù fún wọn nínú líìgì àgbà rárá.

Bàbá Lansing: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá mọ ìtàn Tigers yóò mọ̀ pé àwọn náà ti ra àgbà rí. Ní oṣù kẹjọ 1987, wọ́n gba Doyle Alexander lọ́wọ́ Atlanta, ó borí ìdíje mẹ́sàn-án láìpàdánù ọ̀kan, wọ́n sì gba ipò kìíní ní ẹ̀ka wọn. Ọmọ ogún ọdún tí wọ́n fi rà á ni John Smoltz, ọmọ ìpínlẹ̀ Michigan wa níbí, tó wọ ilé àwọn akọni nínú eré náà ní 2015. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ọ̀dọ́ mẹ́ta kò tó ẹ̀san, kó kọ́kọ́ bi Atlanta. Ti Verlander kò sì ṣòfò tán: nígbà tí Tigers lé Astros kúrò nínú ìdíje ní oṣù kẹwàá 2024, ní Houston gan-an, Jake Rogers, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta náà, ló lóṣòó tó ń mú bọ́ọ̀lù tí Tarik Skubal, ajubọ́ọ̀lù Tigers, ń jù.

Aráa Seattle: Ọdún méje gbáko, Bàbá.

Ọmọ Detroit: Ó pẹ́, mo gbà. Ibi tí mo ti dá wọn lẹ́bi ni àkókò. Ní 2016, Verlander ṣe ipò kejì fún Cy Young. Ìgbà òtútù yẹn ló yẹ kí wọ́n ti tà á, kí ẹgbẹ́ mẹ́rin-márùn-ún máa du ú, dípò kí wọ́n dúró di alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí Houston mọ̀ pé kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè gbé e lọ.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ìdíje 86 ni ẹ borí ní 2016, àbúrò mi, díẹ̀ ló sì kù kí ẹ wọ ìdíje ìparí sáà. Ta ni yóò dá a lábàá fún olówó ẹgbẹ́, ẹni ọdún 87 tí kò tíì gba World Series, ife-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ nínú baseball, rí, pé kí ó ta ajubọ́ọ̀lù rẹ̀ tó dára jù lọ?