Ọdún IT Gbọ́dọ̀ Di Ọdún Iṣẹ́

Ọmọ tó bá parí ND, ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́, nínú ìmọ̀ ìròyìn tàbí iṣẹ́ fíìmù ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe (pólì) ní láti fi ọdún kan gbáko kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, kó tó lè padà wọlé fún HND, ìwé-ẹ̀rí tó ga ju ND lọ. Ètò tó dára ni, bí a bá gbọ́ ọ lẹ́nu. Bó ṣe ń rí gan-an ni pé ilé-ẹ̀kọ́ á kọ lẹ́tà lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní kó lọ wá ibi tó ti máa ṣe IT, orúkọ tí wọ́n ń pe ìkọ́ṣẹ́ yìí, fúnra rẹ̀. Yóò ki lẹ́tà náà bọ àpòòwé, yóò máa gbé e kiri láti Surulere dé Ìkẹjà, tàbí láti Bódìjà dé Challenge. Ibì kan á ní kò sáyè. Ibòmíràn á gbà á, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni wọ́n á máa rán an rà, òun ni yóò máa bu epo sí jẹnẹrétọ̀, kò sì ní fọwọ́ kan kámẹ́rà títí ọdún á fi yí po. Nígbà tí ìwọlé HND bá kù díẹ̀, yóò jókòó ti lọ́gíbúùkù rẹ̀, yóò kọ iṣẹ́ tí kò ṣe sínú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní dé ìkẹyìn. Ẹnì kan tí kò kà á á sì tẹ òǹtẹ̀ lù ú.

Ojú gbogbo wa ni èyí ń ṣe, ó sì ti pẹ́. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń bèèrè fún ni pé kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá, àjọ NBTE tó ń mójú tó ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe àti ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́ òṣìṣẹ́, pe àwọn tó ni iléeṣẹ́ fíìmù, tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì jókòó. Kí wọ́n sọ ọdún IT yìí di ìkọ́ṣẹ́ tó ní ìwé àdéhùn, tó ní ọ̀gá tí a mọ orúkọ rẹ̀, tó sì ní owó nínú.

Iṣẹ́ wà nílẹ̀. Èyí ló dùn wá jù. Fíìmù Yorùbá tí wọ́n ń tà ní kásẹ́ẹ̀tì àti CD ní Ìdúmọ̀tà àti Àlàbá tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sórí YouTube, tuntun ò sì wọ́n lọ́sẹ̀. Rédíò ti ń gbé ètò sórí Facebook. Ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé ìsìn jáde tààrà, àwọn aláwàdà orí fóònù ti gba ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta di iṣẹ́ òòjọ́. Gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó mọ kámẹ́rà, ẹni tó mọ iná tàn, ẹni tó mọ àwòrán gé, ẹni tó lè kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ fíìmù láì ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹ sì tẹ́tí sí ohùn inú púpọ̀ nínú fíìmù wa. Ìyá àti ọmọ ń sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀: gbólóhùn kan ń dún gbàmùgbamu, èyí tó tẹ̀ lé e ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú kànga, ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò sì bo àwọn méjèèjì. Òṣèré mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó di gbohùngbohùn mú ni kò rí ẹni kọ́ ọ níbi tó yẹ kó dúró sí.

Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ ló wá jẹ̀bi? Ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Kámẹ́rà wà ní ẹ̀ka mìíràn tó jẹ́ pé inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa ló ń gbé. Ọjọ́ tí àwọn aṣàyẹ̀wò bá ń bọ̀ ni wọ́n ń nu eruku ara rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á ya àwòrán kámẹ́rà kan náà sínú ìwé ìdánwò, á kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, á gba máàkì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: kò sí pólì ìjọba tó lè máa ra irinṣẹ́ tuntun ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá yí padà. Iléeṣẹ́ tó ń fi irinṣẹ́ jẹun ló ní in, òun ló sì mọ èyí tí ìgbà ti kọjá lórí rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ní àwọn ọmọ, ló ní olùkọ́, ló sì lè fún ènìyàn ní ìwé-ẹ̀rí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Àwọn tó ṣáájú wa mọ èyí. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúndé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, á kọ́ ìlù, á kọ́ ijó, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ìtàgé, abẹ́ ọ̀gá ni yóò sì wà títí iṣẹ́ á fi mọ́ ọn lára. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fẹ́ dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Agodi, n'Íbàdàn, ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, kò dá a ṣe. Ó bá Overseas Rediffusion, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, da owó pọ̀. Àwọn ọmọ wa wọ ibẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni nílùú ò tíì ṣe rí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n.

Ní 2024, Disney gbé eré àwòrán tí wọ́n ń pè ní Iwájú jáde. Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, iléeṣẹ́ Kugali, tí ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Uganda kan dá sílẹ̀, ló sì ni èrò rẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n Cinesite, iléeṣẹ́ tó ní ẹ̀ka ní Montreal ní Kánádà, ló ya àwòrán inú rẹ̀ tó sì mú kó rìn. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ibi tí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ pọ̀ sí ni oníṣẹ́ ń gbé iṣẹ́ lọ. Ohun tó ká wa lára ni pé owó oṣù tí ìtàn Èkó mú wá fún àwọn ayàwòrán, púpọ̀ nínú rẹ̀ ò lè dé Yábàá, bẹ́ẹ̀ Yaba College of Technology ti wà níbẹ̀ láti 1947, ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ láti yàwòrán.

A mọ̀ pé àwọn kan ti ń gbìyànjú. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n MultiChoice bẹ̀rẹ̀ ilé-ìkọ́ṣẹ́ fíìmù rẹ̀ l'Ékòó ní 2018, ogún ọmọ láti Nàìjíríà àti Gana ló kọ́kọ́ mú, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú ti bá iléeṣẹ́ fíìmù EbonyLife dòwò pọ̀ lórí ilé-ìkọ́ṣẹ́ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í ti í sanwó. A yìn wọ́n. Àmọ́ ogún ọmọ ò ju ìdí bẹ́ǹṣì díẹ̀ lọ nínú kíláàsì ND kan. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ṣa àwọn tí ojú wọn ti là tẹ́lẹ̀, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ pólì kọjá, níbi tí ọmọ télọ̀, ọmọ awakọ̀ àti ọmọ olóúnjẹ pọ̀ sí. Bí iléeṣẹ́ bá lè dá ilé-ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó lè yá pólì ní ọ̀gá oníṣẹ́ méjì lọ́sẹ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Georgia, l'Ámẹ́ríkà. Láti 2008 ni ìpínlẹ̀ náà ti ń dín owó orí kù fún àwọn tó bá wá ṣe fíìmù lọ́dọ̀ wọn, tó lè tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá ná níbẹ̀. Fíìmù rọ́ wọlé, wọ́n sì nílò òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ní 2015, wọ́n dá Georgia Film Academy sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ yunifásítì tuntun fún un. Àwọn yunifásítì ìjọba àti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́-ọwọ́ ìpínlẹ̀ náà ló jọ ni ín. Ọmọ á wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó sún mọ́ ilé rẹ̀, á kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí sẹ́ẹ̀tì, á mú apá kan nínú iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á rán an lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ní tòótọ́. Wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ wọn nínú ọgbà sítúdíò ńlá kan ní Fayetteville, lẹ́bàá Atlanta. Ẹ kíyè sí i pé ìjọba ò bẹ iléeṣẹ́ lásán. Ó ti fún wọn ní nǹkan kó tó bèèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Ibí yìí ni tiwa ti ń bàjẹ́. Òògùn tí a ò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní ń gbé. Ọ̀gá pólì á gbé aṣọ oyè wọ̀, aṣojú iléeṣẹ́ á dé, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé àjọṣe, wọ́n á ya fọ́tò, ọdún mẹ́ta á kọjá láìsí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ sí nǹkan kan. Kò sí owó nínú ìwé náà, kò sí iye ọmọ tí wọ́n máa gbà, kò sí ẹni tí a lè bi.

Owó náà sì wà. Òfin ITF, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 2011, sọ pé iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 50 náírà, gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san lọ́dún fún àjọ náà. Òfin yẹn kan náà gbà kí ITF dá tó ìdajì padà fún iléeṣẹ́ tó bá kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ohun tí à ń wí ò le: kí wọ́n ka ọmọ IT tí iléeṣẹ́ fíìmù tàbí ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́ ní ọdún kan mọ́ àwọn tí wọ́n torí wọn dá owó padà. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà dín nǹkan kù nínú owó tó ń gbà lọ́wọ́ irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá owó tí wọ́n ń san kí wọ́n tó ya fíìmù ní gbàgede tàbí ní ọgbà ìjọba. Ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ènìyàn mẹ́fà nínú yàrá méjì á wá rí ìdí tí yóò fi fi ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ jókòó ti ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìwé àdéhùn ò sì ṣàjèjì sí wa. Télọ̀, mẹkáníìkì, onídìrí, gbogbo wọn ló ní i. Òbí á wá, onígbọ̀wọ́ á wá, wọ́n á kọ iye ọdún sílẹ̀, wọ́n á kọ ohun tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ fríìdọ̀mù, níṣojú ẹgbẹ́, ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á sì jẹ́rìí pé ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ ẹlẹ́ńjìnnì tí kò ka ìwé jìnnà ní ẹ̀tọ́ yìí. Kí ló dé tí ọmọ tó ní ND ò ní in? Ẹ fi ohun tí ọmọ yóò lè dá ṣe ní oṣù kẹta, oṣù kẹfà àti òpin ọdún sínú ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tó ṣe, fíìmù kúkúrú, ètò rédíò, àwòrán tó gé, dípò lọ́gíbúùkù lásán nígbà tó bá ń wọ HND. Ẹ sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ jáde ní ìparí fíìmù tó bá bá wọn ṣe, nítorí orúkọ yẹn ni yóò fi rí iṣẹ́ tó kàn.

Àwọn oníléeṣẹ́ ní ẹ̀hónú, a sì ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní ọmọ IT á ba lẹ́ńsì olówó ńlá jẹ́, wọ́n ní bó bá mọ̀ ọ́n tán á bá ẹlòmíràn lọ. Òótọ́ ni pé irinṣẹ́ lè bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí owó adójútòfò fi gbọ́dọ̀ wà nínú ètò náà. Ní ti ọmọ tó bá lọ, ṣebí ọjà kan náà ni gbogbo wọn jọ ń ná: ẹni tí iléeṣẹ́ kan kọ́ ni èkejì máa gbà, bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń kọ́ni. Àwọn olùkọ́ pẹ̀lú ń bẹ̀rù pé oníṣòwò á gba kíláàsì mọ́ àwọn lọ́wọ́. A ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàn, òfin ìròyìn, ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́, èdè Yorùbá tó dán mọ́rán, olùkọ́ ló ni ín. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ máa lọ lo ìsinmi gígùn kan lórí lókéṣọ̀n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí pólì sì kà á sí iṣẹ́ nígbà ìgbéga.

Ewu kan wà tí a gbọ́dọ̀ yẹra fún: kí ẹnikẹ́ni má fi gbogbo ètò yìí lé iléeṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo lọ́wọ́, pàápàá ti òkè òkun. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024 ni Amazon dáwọ́ fíìmù tuntun tí Prime Video, ìkànnì fíìmù rẹ̀, ń náwó lé lórí ní Áfíríkà dúró, àwọn tó ti fi ọkàn tẹ̀ ẹ́ sì wá iṣẹ́ gba ibòmíràn lọ. Iléeṣẹ́ kéékèèké mẹ́wàá, títí kan àwọn tó ń gbé fíìmù sórí YouTube láti ilé wọn, sàn fún wa ju ọ̀gá ńlá kan lọ. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ IT bojú lo ọmọ ọlọ́mọ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ni ó kéré jù tí ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀, kí ọmọbìnrin tí ọ̀gá bá fẹ́ yọ lẹ́nu sì ní ẹni tí yóò pè ní pólì, tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé kan náà.

Kò dìgbà tí Àbújá bá ṣòfin tuntun. Abúlé fíìmù tí olùdarí fíìmù, Kúnlé Afọ́láyan, kọ́ wà ní Ìgbójàyè, l'Ókè-Ògùn. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe Òkè-Ògùn wà ní Ṣakí, Pólì Ìbàdàn sì wà n'Íbàdàn, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni méjèèjì. Kí gómìnà Ọ̀yọ́ pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti àwọn oníléeṣẹ́ tó kù ní ìpínlẹ̀ náà jókòó, kí wọ́n kọ iye ọmọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbà, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì tẹ ìwé náà jáde fún aráyé kà kí àwọn tó ń ṣe ND lọ́wọ́ báyìí tó gba lẹ́tà IT tiwọn.