Ìjàpá tó ń gbọ̀n ní slow: ṣé kabúrétọ̀ ni, àbí ibòmíràn?

Ọmọ Àgbárá: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Volkswagen Ìjàpá ni, ẹ́ńjìnì 1600 tí manifold rẹ̀ (ọ̀pá tó ń gbé afẹ́fẹ́ àti epo lọ sí sílíńdà) jẹ́ ẹlẹ́nu méjì, kabúrétọ̀ Solex 34 PICT-3, distributor 009 (èyí tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì). Lórí eré, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á sì fẹ́ kú. Mẹkáníìkì ti yí sikúrúù ara lífà kabúrétọ̀ sókè kó má baà máa kú, síbẹ̀ ó ṣì ń gbọ̀n. Ibo ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Sikúrúù Kékeré: Jẹ́ẹ̀tì slow, ihò tíntín tí epo ń gbà nígbà tí ẹsẹ̀ ò tẹ epo, ló dí. Lórí eré, jẹ́ẹ̀tì ńlá ló ń fún un lépo, ìdí nìyẹn tó fi ń sáré dáadáa. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì, ẹ yọ wáyà tó lọ sí sólẹ́nọ́ìdì kabúrétọ̀ (ẹ̀rọ oníná kékeré tó ń ṣí ọ̀nà epo slow), kí ẹ tún fi kàn án. Ó gbọ́dọ̀ dún "kẹ́". Bí kò bá dún tí iná sì dé ẹnu wáyà, sólẹ́nọ́ìdì ti kú nìyẹn. Bó bá dún, ẹ tú jẹ́ẹ̀tì slow jáde kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn kọ́ńpúrẹ́sọ̀ gba inú rẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ọ̀gá Tápẹ́ẹ̀tì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ yára jù. Irú ìgbọ̀n wo ni? Bó bá ń lù ní déédéé, gbì, gbì, gbì, sílíńdà kan ni kò ṣiṣẹ́. Kabúrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò lè fi ebi pa ọ̀kan kí mẹ́ta yókù yó. Ẹ jẹ́ kó wà ní slow, kí ẹ fi pílásì onírọ́bà yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ẹnu wáyà náà kan irin ẹ́ńjìnì, kí iná rẹ̀ ríbi gbà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lófìfo, ẹ ń wá ikú kọ́ìlì. Èyí tí ẹ yọ tí ẹ́ńjìnì rọlẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ẹ yọ tí nǹkan kan ò yí padà, òun ni ọ̀lẹ. Sílíńdà 1 àti 2 wà lápá ọ̀tún ọkọ̀, 3 àti 4 wà lósì. 1 àti 3 ló sún mọ́ iwájú ọkọ̀.

Rọ́bà Manifold: Kabúrétọ̀ ò lè yàn, òótọ́ ni. Afẹ́fẹ́ lè yàn. Manifold ẹlẹ́nu méjì ní rọ́bà kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún. Bí tòsì bá sán, 3 àti 4 nìkan ni yóò máa mu afẹ́fẹ́ àpọ̀jù. Ẹ̀gbọ́n Sikúrúù, àmì tí ẹ fi mú jẹ́ẹ̀tì, òun náà ni àmì afẹ́fẹ́ tó ń jò. Ní slow, ilẹ̀kùn kabúrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ẹ́ńjìnì ń fà kíkankíkan, afẹ́fẹ́ tó sì yẹ kó wọlé kò tó nǹkan. Ihò kékeré ti tó láti ba àdàlù epo jẹ́. Lórí eré, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ débi pé ihò yẹn ò jámọ́ nǹkan kan.

Ọmọ Ládípọ̀: Kó fọ́n carb cleaner (oògùn ìfọ kabúrétọ̀ tó ń gbiná) sí ìdí rọ́bà. Bí eré bá gòkè, ibẹ̀ ló ń jò.

Rọ́bà Manifold: Carb cleaner lórí ẹ́ńjìnì gbígbóná, tí distributor sì ń ta iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Omi lásán nínú ike ìfọ́nmi ti tó. Bí omi bá bo ihò náà, ìró ẹ́ńjìnì á yí padà. Kó fọ́n ọn sí rọ́bà méjèèjì, sí ìdí kabúrétọ̀, àti síbi tí manifold ti so mọ́ orí sílíńdà. Kó má kan distributor ṣá.

Ọmọ Ládípọ̀: Omi kì í fi ihò tíntín hàn o. Ẹ tún di ọ̀pá ilẹ̀kùn kabúrétọ̀ mú, kí ẹ mì í sókè-sódò. Bí ìró bá ń yí, ọ̀pá ti jẹ ihò rẹ̀ gbòòrò. Rọ́bà tuntun ò lè wo ìyẹn sàn, búṣì tuntun fún ihò ọ̀pá náà ni.

Ọ̀gá Tápẹ́ẹ̀tì: Ẹ ò sì tíì dárúkọ fáàfù. Bí sílíńdà kan ṣoṣo bá ṣọ̀lẹ, tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo ẹnu fáàfù, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n: 0.15 mm fún gbogbo wọn, lórí ẹ́ńjìnì tó ti sùn mọ́jú. Bó bá há, fáàfù ò ní pa dé tán bí ẹ́ńjìnì bá gbóná, ìfúnpọ̀ á máa sá lọ, fáàfù á sì jóná níkẹyìn. Bí ẹ bá ti wọn ti sílíńdà 1 tán, ẹ yí púlì ní ìlàjì sí òdìkejì ọwọ́ aago, ó di 2. Ìlàjì mìíràn, 3. Ìlàjì mìíràn, 4. Lẹ́yìn ìyẹn kọ́ntáàtì inú distributor, 0.4 mm, kí ẹ tó fọwọ́ kan táímìn (àsìkò tí iná ń ta), torí àlàfo kọ́ntáàtì tó bá yí, ó yí táímìn náà nìyẹn.

Sikúrúù Kékeré: Ẹ ti ní kó yọ wáyà, kó tú fáàfù, kó wọn kọ́ntáàtì, nígbà tó jẹ́ pé "kẹ́" kan ṣoṣo ni mo ní kó gbọ́. Ohun tó rọrùn jù la fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ládípọ̀: Bí jẹ́ẹ̀tì bá dí, fọ́nrán wáyà kan á ṣí i.

Sikúrúù Kékeré: Ẹ má gbìyànjú ẹ̀ o! Idẹ ni, kò le. Wáyà á fẹ ihò rẹ̀, epo á pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dúdú.

Ọmọ Àgbárá: Mo ti ṣe é. Sólẹ́nọ́ìdì dún. Mo yọ 1 àti 2, ẹ́ńjìnì rọlẹ̀. 3 àti 4, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Nígbà tí omi kan rọ́bà apá òsì, ìró rẹ̀ yí padà.

Rọ́bà Manifold: Pààrọ̀ rọ́bà méjèèjì. Tú nọ́ọ̀tì manifold díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bára mu kí o tó fún kílíìpù. Má sì fún kílíìpù jù, ó ń gé rọ́bà.

Ọ̀gá Tápẹ́ẹ̀tì: Láàárọ̀ ọ̀la kó tó sítáàtì, kó wọn tápẹ́ẹ̀tì 3 àti 4. Rọ́bà tó sán ò ní kí fáàfù má há.

Sikúrúù Kékeré: Mo gbà. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ò tíì parí bí sikúrúù lífà yẹn bá ṣì wà lókè. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn kọjá ibi tó yẹ, sikúrúù slow ò sì ní lágbára mọ́. Bí ṣóòkì (ilẹ̀kùn tó ń dín afẹ́fẹ́ kù bí ẹ́ńjìnì bá tutù) bá ti ṣí tán, tú sikúrúù lífà títí kò fi kan káàmù ṣóòkì, dá a padà títí yóò fi kàn án, kí o wá fi ìdámẹ́rin ìyípo kún un. Fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ ti sikúrúù kékeré, èyí tó ń díwọ̀n àdàlù epo ní slow, pa, kí o tú u jáde ní ìyípo méjì àbọ̀. Sítáàtì, jẹ́ kó gbóná, fi sikúrúù ńlá, èyí tó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ ní slow, gbé e dé ìyípo 850 ní ìṣẹ́jú kan. Yí kékeré títí eré á fi gòkè jù, lẹ́yìn náà yí i wọlé títí eré á fi já ní 20 sí 30. Ńlá ni kí o fi dá a padà sí 850.

Ọmọ Ládípọ̀: Bí slow bá ti dúró, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ń já kẹ̀ẹ́ bí o bá tẹ epo, má tún padà sídìí sikúrúù. 009 ni. Kò ní vacuum (ẹ̀rọ tó ń fi fífà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́) tí yóò tètè gbé iná síwájú bí ilẹ̀kùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ó sì ti ń bá 34 PICT-3 jà tipẹ́. Distributor oní-vacuum ló ń tán ìyẹn.