Ẹ Gbé Kámẹ́rà Kúrò Lójú Rẹ̀!

Àwọn tó ń fi bílíádì elétí mẹ́ta (three-cushion) hàn wá yìí, ta ló ṣẹ̀ yín gan-an? Tábìlì ò ní ihò kankan. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá gbọ́dọ̀ lu etí tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, ó kéré tán, kó tó kan bọ́ọ̀lù kẹta. Ọ̀nà tó ń gbà yí lọ yẹn gan-an leré! Dick Jaspers, agbábílíádì ará Netherlands, gbá funfun, ó kan pupa, ó lu etí kan, ó lu ìkejì, ó ń rọra bọ̀ wá bá yẹ́lò... ẹ bá yí kámẹ́rà sójú Jaspers! Kí ni kí n fi ojú ẹ̀ ṣe? Àtẹ́wọ́ ni mo fi ń mọ̀ pó jẹ. Ó lè fi tó ìṣẹ́jú-àáyá 40 ronú kó tó gbá. Ẹ wojú ẹ̀ tẹ́rùn nígbà yẹn, jàre!