Orin Orílẹ̀-Èdè Ti Yí, Ìwé Tíṣà Ò Yí

Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn wa lọ mú ọmọ rẹ̀ nílé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá wọn nínú kíláàsì pírámárì ọdún karùn-ún, wọn ò tíì ṣíwọ́. Tíṣà wọn, ìyá kan tó ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, ti lẹ bébà funfun mọ́ ojú ewé kan nínú ìwé Social Studies rẹ̀, ó sì ti fi báírò kọ orin orílẹ̀-èdè sórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó fi lẹ̀ ẹ́ ti ń tú. Ọmọ kan ká etí bébà náà sókè, ó rí orin mìíràn lábẹ́ rẹ̀, ló bá gbé ìwé tọ ìyá lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo gan-an ni tiwa níbẹ̀?" Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ti òkè ni, ọkọ mi. Má tú u mọ́." Ó fi àtàǹpàkò tẹ bébà náà padà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá orin tí a fi gba òmìnira lọ́dún 1960 padà, tí wọ́n pa èyí tí a ti ń kọ láti 1978 tì. Kíá ni òfin náà gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kọjá, kíá ni Ààrẹ fọwọ́ sí i. Kò pẹ́ tí àṣẹ fi dé ilé ìwé pé kí àwọn ọmọ máa kọ ọ́ lórí ìlà láàárọ̀. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wọn kò bá àṣẹ náà dé. Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ìyá yìí mọ orin "tuntun" náà látorí nítorí pé òun gan-an kọ ọ́ nígbà tó wà ní pírámárì. Tíṣà ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó wà ní kíláàsì kejì ńkọ́? Orí fóònù ló ti lọ kọ́ ọ, dátà tó sì fi kọ́ ọ, owó ara rẹ̀ ló fi rà á.

Gbogbo tíṣà ló ń jìyà àìsí ohun èlò, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ti tíṣà ẹ̀kọ́ àwùjọ, ìyẹn Social Studies, yàtọ̀. Ìlọ́po 7 àti 8 jẹ́ 56 nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, 56 náà ni títí dòní, kò sí gómìnà tó lè sọ ọ́ di 57. Tíṣà ìṣirò lè fi ìwé kan ṣiṣẹ́ títí ìwé náà yóò fi gbó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ nípa ìlú àti ìjọba, ohun tó sọ lánàá lè di irọ́ lónìí láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀ sẹ́nikẹ́ni. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn kan ṣoṣo la ní títí di ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 tí wọ́n pín in sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Lọ́dún 1991 wọ́n yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́, lọ́dún 1996 wọ́n yọ Èkìtì lára Oǹdó. Lọ́dún 2018 ìjọba kéde pé ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa ti kúrò ní 29 oṣù Karùn-ún, ó di 12 oṣù Kẹfà. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kó má gba ọ̀dọ̀ gómìnà mọ́. Tíṣà tó fẹ́ kọ́ "ipele ìjọba mẹ́ta" láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ni kó wí? Bó bá ka ohun tó wà nínú ìwé, ó ti pa irọ́. Bó bá ka ìdájọ́, bóyá ọmọ kánsílọ̀ kan á nawọ́ sókè pé bàbá òun ní àwọn ò tíì rí owó tààrà kankan.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2022 sọ pé tíṣà lè wà lẹ́nu iṣẹ́ títí yóò fi pé ẹni ọdún 65, tàbí kó ṣe iṣẹ́ fún 40 ọdún. A ò bá òfin náà jà, àgbà tíṣà kì í ṣe ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹni tó gba NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni, lọ́dún 1995, ìpínlẹ̀ 30 ni wọ́n kọ́ ọ pé Nàìjíríà ní. Ó ṣì lè wà nídìí pátákó lọ́dún 2035. Láàárín 40 ọdún yẹn, ìgbà mélòó ni ìjọba tó gbà á síṣẹ́ máa pè é jókòó, kó sọ fún un pé báyìí ni nǹkan ṣe rí nísinsìnyí? Àjọ TRCN tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀ ń béèrè pé kí tíṣà máa kẹ́kọ̀ọ́ kún ẹ̀kọ́, ìyẹn dára. Ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ la ò rí.

Ẹ tún wo àwòrán inú ìwé wọ̀nyẹn. Òkìtì ẹ̀pà Kánò tó ga bí òkè ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ó ti tó nǹkan bí ogójì ọdún tí òkìtì náà ti pòórá. Ọmọ Ìbàdàn tó ń gba abẹ́ Mápó lọ sílé ìwé lójoojúmọ́ lè ka orúkọ ìsédò Kainji fún ọ láìkólòlò, àmọ́ bí o bá bi í pé ọdún wo ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tó wà lókè orí rẹ̀ yẹn, á máa wò ọ́. Ọdún 1929 ni. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi tíṣà. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbi tí tíṣà ti lè rí i.

Bẹ́ẹ̀, nítorí irú èyí gan-an ni wọ́n ṣe dá ẹ̀kọ́ àwùjọ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Mombasa, ní ilẹ̀ Kenya, lọ́dún 1968, ohun tí wọ́n ń wá ni bí ọmọ Áfíríkà yóò ṣe mọ àyíká tirẹ̀ dípò odò àti ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Yorùbá ò sì kẹ́yìn níbẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ girama Comprehensive tó wà ní Ayétòrò, nílẹ̀ Yewa, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1963, wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé Social Studies wọ kíláàsì ní Nàìjíríà.

Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n ń yí kò ju sìlábọ́ọ̀sì lọ. Wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò ní pírámárì àti girama kékeré ní nǹkan bí ọdún 2009, ẹrù rẹ̀ bọ́ sórí tíṣà Social Studies. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọ́n tún di Social Studies, ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn pọ̀ sínú àpò kan ṣoṣo. Wọ́n tún tú àpò náà. Ní báyìí, ìtàn ti padà dé, ó sì ti di dandan. Inú wa dùn sí i, a ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọ? Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ìdápadà ẹ̀kọ́ ìtàn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, wọ́n ní tíṣà 3,700 làwọn máa kọ́kọ́ dá lẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá pín in dọ́gba fún ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá, ọgọ́rùn-ún péré ló kan ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín in fún ìjọba ìbílẹ̀ 774, kò pé márùn-ún fún ìkọ̀ọ̀kan. Tíṣà tó kù nílé ìwé, ẹni tí kò sí lára àwọn márùn-ún, òun náà ni hẹdimásítà máa pè pé kó wá gba tìtàn mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó sì rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbà ńkọ́? A ti jókòó níbi púpọ̀ nínú sẹ́mínà wọ̀nyí, àwa akọ̀ròyìn, níbi àga ẹ̀yìn. Wọ́n á pín báàgì, wọ́n á pín báírò àti ìwé kékeré tó ní àwòrán kọmíṣánnà lójú ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ mẹ́rin á gba gbogbo àárọ̀. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ á wá máa ka ohun tó wà lójú ògiri fún àwọn tó lè kà á fúnra wọn. Láago méjì, ìrẹsì dé, wọ́n ya fọ́tò, ó parí. Bí o bá tẹ̀lé tíṣà kan padà sí kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, báàgì ni tuntun níbẹ̀.

Àwọn ọ̀gá máa ń sọ fún wa pé tíṣà tó gbọ́n a máa "improvise". Ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹ̀sìn ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni wa. A gbà pé ọgbọ́n ń bẹ níbẹ̀. Ìyá tó lẹ bébà mọ́wèé yẹn náà ya máàpù Nàìjíríà sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ilé ìjọsìn kan, ó fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ kun ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó dára wò. Àmọ́ bí ó bá ká a, ṣọ́ọ̀kì náà a gbọ̀n dànù, a jẹ́ pé gbogbo táàmù ló ń kun Nàìjíríà lọ́tun. Ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ náà, òun ló rà á. Nígbà tí akọ̀ròyìn wa bi í pé kí ló fẹ́ kí ìjọba ṣe fún òun, a rò pé owó oṣù ló máa mẹ́nu bà. Ó ní, "Máàpù kan. Èyí tí ìpínlẹ̀ inú rẹ̀ pé, tí mo bá ká a kó má ya."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé a ń béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí Ifẹ̀. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nílé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́: wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Èdè Yorùbá ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Ohun tí àwọn ènìyàn gbàgbé ni pé wọ́n kọ ìwé tuntun fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, tó fi dórí ẹ̀kọ́ àwùjọ àti àṣà, wọ́n sì kọ́ tíṣà bí yóò ṣe lò ó. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ dá ọgbọ́n sí i.

Ọ̀rọ̀ owó náà kò ṣókùnkùn. Òfin UBE ti ọdún 2004 ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ bá mú owó tirẹ̀ wá, yóò gba ti ọ̀dọ̀ UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, apá kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà. Síbẹ̀, léraléra ni àjọ náà ń ké pé owó àwọn ìpínlẹ̀ kan wà nílẹ̀ tí wọn ò wá gbà. Ilé kíláàsì ni gómìnà fẹ́ràn láti kọ́, torí a lè gé rìbọ́ọ̀nù níwájú rẹ̀. Kò sí rìbọ́ọ̀nù níwájú ìmọ̀ tó wà nínú orí tíṣà.

Ohun tí a ń sọ fún ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ni pé kí wọ́n fi sẹ́mínà inú òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Kí tíṣà ẹ̀kọ́ àwùjọ àti ti ìtàn nínú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa pàdé fún ọjọ́ méjì ní gbogbo hólídè, nínú ilé ìwé kan tí gbogbo wọn lè fi ọ̀kadà dé, kí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, sì san owó ọkọ̀ wọn. Kí tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ kan níwájú àwọn yòókù, kí wọ́n sọ ibi tó dùn sí àti ibi tí kò dùn sí. Kí SUBEB máa tẹ ìwé pélébé kan jáde lóṣù Kẹsàn-án ọdọọdún, kí ilé ìwé tó wọlé, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: òfin tó yí, orúkọ tó yí, iye tó yí, ìdájọ́ tó jáde. Ojú ewé mẹ́rin ti tó. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà pẹ̀lú, nítorí a mọ ilé ìwé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé.

Èyí tó wù wá jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí tíṣà àdúgbò jókòó kọ ìwé àdúgbò wọn. Ilẹ̀ wa kún fún ohun tí a lè fi kọ́ ọmọ. Láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti ja ogun Kírìjì, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ lọ́dún 1886. Ilé alájà kan tó wà ní Àgbádárìgì ti wà láti 1845. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wà lára ohun àjogúnbá àgbáyé UNESCO láti 2005. Yàrà Erédò Sùngbọ́ wà lẹ́yìn ilé àwọn ènìyàn nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọmọ ń sáré kọjá lára rẹ̀ lọ pọnmi. Bí ojú ewé méjì bá wà lọ́wọ́ tíṣà nípa èyí tó súnmọ́ ọn, tí bọ́ọ̀sì kan sì gbé kíláàsì lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó sàn ju òkìtì ẹ̀pà tí kò sí mọ́ lọ.

Lọ́jọ́ tí àwọn gómìnà bá gbé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ lọ síwájú àwọn aṣòfin, a ó ṣí i sí abala ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìlà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà la ó kọ́kọ́ wá, iye tó wà níwájú rẹ̀ la ó sì tẹ̀ sójú ewé yìí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀.