Ẹ Kó Àdó Olóró Kúrò Láàárín Ìlú

Àwọn ọ̀gágun wa kì í fẹ́ kí aráàlú dá sí ọ̀rọ̀ bárékè. Bí ẹ bá béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ògiri, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè ni, kí olúkúlùkù máa bá tirẹ̀ lọ. A gbà pé iṣẹ́ ológun ní àṣírí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ohun tó wà lẹ́yìn ògiri bá lè bú gbàmù kó sì wó ilé onílé, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti sójà nìkan.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, iná ràn dé àká ohun ìjà ní bárékè Ìkẹjà. Bí ọ̀kan ṣe ń bú ni òmíràn ń tẹ̀ lé e. Gíláàsì fèrèsé ń fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà réré sí bárékè, irin gbígbóná ń já lu òrùlé. Èrò Ọ̀ṣọ́dì, Mafolúkù àti Ìsọlọ̀ kò mọ̀ bóyá ogun ló dé tàbí àwọn sójà ló tún fẹ́ gbàjọba. Wọ́n ṣáà ń sá. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí àwọn tó forí lé ọ̀nà Èjìgbò dé kànáàlì Òkè-Àfà. Ewéko ti bo ojú omi náà débi pé ẹni tí kì í ṣe ará àdúgbò á rò pé pápá lásán ni. Àwọn tó ṣíwájú rì. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí wọn, wọ́n ń rọ́ bọ̀ síwájú. Ìyá pọn ọmọ sẹ́yìn, ó sì di èkejì mú lọ́wọ́, gbogbo wọn bá omi lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú ni wọ́n ń fà jáde nínú kànáàlì, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Iye ẹni tó kú lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọta kankan ò kàn lára. Omi ló pa wọ́n.

Ọ̀gágun tó ń ṣe olórí bárékè náà nígbà yẹn, George Emdin, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aráàlú. Ó ní àká náà ti pẹ́, pé wọ́n ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀. A kò bá a jà pé ó sọ òótọ́. Òótọ́ yẹn gan-an ló ń dunni: wọ́n mọ̀.

Ẹ má jẹ́ ká máa pe irú èyí ní àmúwá Ọlọ́run. Ẹ̀tù tó wà nínú àdó olóró àti ọta ńlá máa ń bàjẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Wọ́n po èròjà kan mọ́ ọn tó ń dá a dúró. Bí èròjà yẹn bá ti ń tán, ẹ̀tù á bẹ̀rẹ̀ sí í móoru fúnra rẹ̀. Ẹ wá gbé e sínú ilé olórùlé páànù, lórílẹ̀-èdè tí oòrùn ti ń mú bí tiwa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ológun tó mọṣẹ́ fi máa ń yẹ ẹ̀tù wọn wò lóòrèkóòrè, tí wọ́n á sì ba èyí tó ti gbó jẹ́ níbi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2007, àká Malhazine bú ní Maputo, olú-ìlú Mozambique, ó sì pa èèyàn tó lé ní 100. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2012, ó kan àdúgbò Mpila ní Brazzaville, olú-ìlú Congo, èyí tó kú níbẹ̀ lé ní 200. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2021, ó kan bárékè kan ní Bata, ní Equatorial Guinea, níbi tí èèyàn tó lé ní 100 ti kú. Ààrẹ ibẹ̀ ní àìbìkítà ló fà á, pé iná tí àwọn àgbẹ̀ fi ń sun oko nítòsí sì wà lára rẹ̀. Iná oko! Nílé wa níbí, ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2025, àká ohun ìjà bú ní bárékè Giwa ní Maiduguri, wọ́n sì ní ooru ló fà á. Ó ti lé ní ogún ọdún tí Ìkẹjà ti ṣẹlẹ̀ o.

A kò ní kí bárékè kó kúrò láàárín wa. Ta ni kò tíì jẹ ata ẹran ní mámì màkẹ́ẹ̀tì rí? Ọmọ aráàlú mélòó ni kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ sójà? Àwọn bàbá wa tó jagun ní Burma ló mú orúkọ Arakan wá sí Àpápá, tí Letmauck fi di orúkọ bárékè ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Bárékè ti wọ ara ìlú. Ìbọn tí sójà fi ń ṣọ́ géètì àti ọta rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí, ẹnikẹ́ni ò bá wọn jiyàn. Àwọn àdó olóró ńláńlá tí wọ́n ń kó pamọ́ de ọjọ́ ogun là ń wí. Ẹni tó ń ta bẹntiróòlù pàápàá kì í tọ́jú jálá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ rẹ̀ ń sùn lé.

Ẹ wo Jámánì. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ẹbí wọn tó wà ní Kaiserslautern àti àgbègbè rẹ̀ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n ń bá àwọn ará ìlú náwó lọ́jà kan náà. Ṣùgbọ́n inú igbó Miesau, lẹ́yìn ìlú, ni wọ́n kó ohun ìjà ńlá wọn sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń fa ààlà yí àká ohun ìjà ká, ìjọba ìbílẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìkọ́lé nínú ààlà yẹn láì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ológun. Àwọn náà ti jìyà rí o: ní ọdún 1944, àká Fauld bú lábẹ́ ilẹ̀, ó pa nǹkan bí 70 èèyàn, kòtò ńlá tó dá síbẹ̀ wà níbẹ̀ di òní.

Àwọn sójà máa ń sọ pé ilé ló wá bá bárékè, pé igbó ni gbogbo ibẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ̀dó. Òótọ́ wà níbẹ̀, a ò sì ní fi ti ìjọba ìpínlẹ̀ bò. Ta ló fọwọ́ sí pílánù àwọn ilé tó fara ti ògiri bárékè? Ta ló gbowó orí ilẹ̀ náà? Ọmọ-onílẹ̀ tà á, ọ́fíìsì ìjọba lu òǹtẹ̀, àwọn ọ̀gágun sì dákẹ́ títí ilé fi dé ẹnu géètì wọn. Ẹ̀bi náà kárí. Ìyẹn kò wá sọ pé kí ayálégbé tó ń gbé lẹ́bàá ògiri fi ẹ̀mí rẹ̀ san án.

Ohun tí a ń béèrè kò le. A ò ní kí wọ́n ka iye àdó olóró wọn fún wa. Kí ilé iṣẹ́ ológun gbé èyí tó bá ti gbó jáde kí wọ́n bà á jẹ́, kí wọ́n sì kó ìyókù lọ sí igbó tó jìnnà sí ilé. Níbi tí kíkó rẹ̀ bá máa pẹ́, kí wọ́n sọ fún gómìnà ìpínlẹ̀ náà ìwọ̀n ibi tí ilé kò gbọ́dọ̀ dé, kí ìyẹn sì fà á sínú àwòrán ìlú, l'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Ábẹ́òkúta àti l'Ákùúrẹ́. Kí wọ́n kọ́ àwọn tó ń gbé nítòsí ọ̀nà tí wọ́n á sá gbà. Àwọn aṣòfin wa l'Ábújá ló ń fọwọ́ sí ìṣúná àwọn ológun lọ́dọọdún. Kí wọ́n bi àwọn ọ̀gágun léèrè ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ yìí dé kí àwọn aṣòfin tó tún fọwọ́ sí òmíràn, kí ooru oṣù Kẹta tó ń bọ̀ yìí tó mú.